Ọjọ́ Méjì Lórí Odò Yìnyín, Oúnjẹ Ọjọ́ Méje Nínú Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ wo àwọn òkè yìnyín ilẹ̀ Alaska, ní ìpẹ̀kun àríwá Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfurufú kékeré ni yóò gbé e lọ. Ọjọ́ méjì péré ni ìrìn-àjò náà. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí awakọ̀ tó gbéra, oúnjẹ tí ó lè gbé ẹ̀mí olúkúlùkù èrò ró fún odindi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Àáké gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ọ̀bẹ, ìwọ̀ ìpẹja, ìṣáná, oògùn ojú ọgbẹ́, àti ohun tí a fi ń ṣe àmì sí ẹni tí ń wá ni láti òkè. Nígbà òtútù, àpò ìsùn àti bàtà fífẹ̀ tí a fi ń rìn lórí yìnyín yóò kún un. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka òfin yìí ti mọ ibẹ̀ ju ẹni tí ó ti wo ọgọ́rùn-ún àwòrán rẹ̀ lórí fóònù lọ. Àwọn tí ó ṣe é kò sọ pé ìrìn-àjò náà yóò pẹ́. Wọ́n kàn mọ̀ pé àlọ nìkan ni ó wà ní ọwọ́ arìnrìn-àjò. Ojú ọjọ́ ni ó ni àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Amẹ́ríkà ra Alaska lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní ọdún 1867. Ó tóbi tó orílẹ̀-èdè Benin lọ́nà bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò tó 800,000. Òkè, igbó, omi àti yìnyín ni ó gba ìyókù. Ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ kò dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú àti abúlé rẹ̀. Juneau pàápàá, tí í ṣe olú-ìlú, kò ní ọ̀nà kan tí ó so ó mọ́ ìlú mìíràn. Orí omi ni a ń gbà débẹ̀, tàbí òfurufú. Nítorí náà, ọkọ̀ òfurufú kékeré kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ohun tí zémidjan jẹ́ fún wa ni ó jẹ́ fún wọn: òun ni ó ń gbé lẹ́tà, òun ni ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni ó ń kó ìrẹsì àti ìṣó lọ sí abúlé. Ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀ tí a ń sọ yìí, orí iṣẹ́ gidi ni ó ti hù jáde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti yanjú kí a tó lọ síwájú. Kí ni a ó máa pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní *glacier*? Ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè kọ́kọ́ rántí ẹni tí ń ta yìnyín dídùn fún àwọn ọmọdé, nítorí orúkọ kan náà ni èdè Faransé fún àwọn méjèèjì. Yìnyín tí àwa mọ̀ nílé ni èyí tí ń bá òjò ńlá já lulẹ̀, tí àwọn ọmọ ń ṣà jẹ kí ó tó yọ́. Èyí tí ń já ní Alaska fẹ́lẹ́ bí òwú, ṣùgbọ́n kì í yọ́ tán. Ti ọdún yìí a bò ti èṣí mọ́lẹ̀, ti èṣí a tẹ ti ìjẹrin, títí tí ìsàlẹ̀ yóò fi le bí òkúta. Bí ó bá ti wúwo tó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. A kò ṣèèṣì lo ọ̀rọ̀ náà: ó ń ṣàn ní tòótọ́, díẹ̀díẹ̀, gba àárín òkè sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń wọ́ àpáta lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yàn láti pè é ní odò yìnyín. Níbi tí odò yìí bá ti yí, tàbí tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, ara rẹ̀ a ya, ọ̀gbun a sì là sínú rẹ̀. Yìnyín tuntun a wá bo ẹnu ọ̀gbun náà bí ewé tí ọdẹ fi bo ọ̀fìn. Ẹni tí ń bọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Òkè tí ó ga jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ti Àríwá wà níbẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 6,190. Òkè Àgú ní Tógò, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gùn rí, jẹ́ mítà 986. Bí a bá to mẹ́fà irú rẹ̀ léra, kò ní tó o. Àwọn Koyukon, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ń pè é ní Denali, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni gíga. Ní ọdún 1896 ni ẹnìkan tí ń wá wúrà fi orúkọ òṣèlú kan, McKinley, pè é, ìjọba sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ní ọdún 2015 wọ́n dá Denali padà sínú ìwé ìjọba. Ní ọdún 2025 wọ́n tún yí i sí McKinley. Àwa tí àwòrán ilẹ̀ ń pe Àjàṣẹ́ wa ní Porto-Novo, tí ó ń pe Sábẹ̀ẹ́ wa ní Savè, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Denali ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Koyukon, Walter Harper, ni ó sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ téńté rẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1913. Oṣù kẹta ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò nílé, pẹ̀lú ajá tí ń fa ẹrù. Lónìí, láti ìlú kékeré Talkeetna, ọkọ̀ òfurufú ń gbé ènìyàn dé orí odò yìnyín Kahiltna, níbi tí àwọn agùnkè ti ń bẹ̀rẹ̀, láàárín wákàtí kan, ó sì kù.

Báwo ni ọkọ̀ òfurufú ṣe dé orí yìnyín? Ní oṣù kẹrin ọdún 1932, Joe Crosson balẹ̀ sórí odò yìnyín Muldrow, ní ẹ̀gbẹ́ Denali. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó gbé, tí wọ́n fẹ́ wọn ìtànṣán tí ń ti òfurufú jíjìnnà wá sí ayé. Oṣù tí ó tẹ̀lé e kò tíì parí tí méjì nínú wọn, Allen Carpé àti Theodore Koven, fi kú sórí yìnyín náà, a kò sì rí òkú Carpé di òní. Ọ̀nà ti kúrú, ṣùgbọ́n ọ̀fìn inú rẹ̀ kò dín kan.

Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ òòjọ́ ni Bob Reeve, ní ìlú Valdez, ní etí òkun. Ó ń kó ẹrù fún àwọn tí ń wa wúrà nínú òkè. Láti balẹ̀ sórí yìnyín, ọkọ̀ òfurufú nílò síkì, èyíinì ni pátákó gígùn méjì tí ó rọ́pò táyà, tí ó ń yọ̀ lórí yìnyín bí ọkọ̀ ojú omi ti ń yọ̀ lórí omi. Ìṣòro Reeve ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yìnyín a tán pátápátá ní Valdez, ṣùgbọ́n lórí òkè ó wà digbí. Síkì dára lóko, kò dára nílé. Táyà dára nílé, kò dára lóko. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó wo etí òkun. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ tí ó ń ṣẹ́kù a máa yọ̀ bí ilá. Orí ẹrẹ̀ yìí ni ó ń fi síkì gbéra, a sì balẹ̀ sórí yìnyín. Bí ó bá ń bọ̀ wálé, ó ní láti mọ wákàtí tí omi òkun yóò fà, nítorí bí omi bá ti kún, kò sí ibi tí yóò bà lé.

Ní ọdún 1937, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bradford Washburn kọ̀wé sí Reeve. Ó fẹ́ gun òkè Lucania, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 5,200, ní ẹ̀yìn ààlà, nínú ilẹ̀ Kánádà. Nígbà náà, òun ni ó ga jù nínú àwọn òkè Amẹ́ríkà ti Àríwá tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn. Washburn béèrè bóyá Reeve lè gbé wọn balẹ̀ sórí odò yìnyín Walsh, ní nǹkan bí mítà 2,600 sókè. Èsì Reeve kò ju gbólóhùn kan lọ: ibikíbi tí wọ́n bá lè jókòó sínú ọkọ̀ lọ, òun yóò wà á débẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ó gbé Washburn àti Robert Bates lọ. Àwọn méjì mìíràn ṣì ń dúró ní Valdez láti tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ọdún náà móoru ju bí ó ti yẹ lọ, òjò sì ti rọ̀ sórí yìnyín. Bí síkì ti kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ rì. Yìnyín tí ó yẹ kí ó le ti di ògì. Reeve tí ó rò pé òun yóò sun ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà bá ara rẹ̀ nínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn èrò rẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ náà jáde, ó tún rì. Wọ́n tún wà á, apá rẹ̀ kan tún sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun. Báyìí ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ mélòó kan. Níkẹyìn, nígbà tí òtútù díẹ̀ mú kí ojú yìnyín dì, Reeve tú gbogbo ohun tí kì í ṣe ẹ̀rọ tàbí epo dà nù láti inú ọkọ̀, ó sì fi orí rẹ̀ sọ ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn méjì tí ó dúró ń wò ó bí ó ti ń fò sókè tí ó ń já lulẹ̀ lórí yìnyín, títí tí ó fi gbéra. Wọ́n mọ̀ pé kò lè padà wá.

Ẹ wo ipò tí wọ́n wà. Oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin ń bẹ níwájú wọn, ó pọ̀ ju ohun tí ọkùnrin méjì lè rù lọ; ọ̀nà ilé kò sì sí. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó. Ẹ̀yìn le, ọ̀tún àti òsì le. Wọ́n pinnu láti gba iwájú: láti gun orí òkè náà kọjá, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí adágún Kluane wà. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje wọ́n dé orí Lucania. Nígbà tí inú wọn dùn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù nù. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ àgọ́ wọn dà nù nítorí ìwúwo. Àpò ìsùn kan ni àwọn méjèèjì mú, inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń sùn. Ẹnu wọn ń yọ omi sí oúnjẹ tí àwọn agùnkè mìíràn ti fi pamọ́ sí ẹsẹ̀ òkè ní ọdún méjì ṣáájú. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, béárì ti jẹ ẹ́ tán. Odò Donjek kún, wọ́n ní láti rìn lọ sí òkè odò kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n lè là á já. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti olú ni wọ́n ń jẹ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin kan, ọmọ onílẹ̀, pàdé wọn, tí wọ́n sì kó wọn dé abúlé Burwash. Ó lé ní kìlómítà 200 tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí ọkọ̀ tí ó gbé wọn dé ibẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ìtàn yìí yin ìgboyà, ìgboyà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwa ń rí níbẹ̀ ju ìyẹn lọ ni ẹ̀rù tí Reeve ti kó lọ ṣáájú. Ní oṣù karùn-ún, kí ó tó gbé ènìyàn kan lọ, ó ti kó oúnjẹ lọ sórí odò yìnyín náà, ó ti kó o jọ. Bí kò bá ṣe oúnjẹ yẹn ni, òkú méjì ni à bá máa ka ìtàn wọn.

Washburn kò tìtorí èyí kórìíra ọkọ̀ òfurufú. Ní ọdún 1951, ó tún wọ̀ ọ́ lọ sí Denali. Ọ̀gá àgbà Yunifásítì Alaska fúnra rẹ̀, Terris Moore, ni ó wà á tí ó sì fi síkì balẹ̀ sórí odò yìnyín Kahiltna. (A ń gbìyànjú láti fojú inú wo ọ̀gá àgbà yunifásítì wa kan nídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.) Láti ibẹ̀ ni Washburn ti gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn òkè náà gùn ún, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí. Ọ̀nà yẹn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn agùnkè ń gbà títí di òní, ibi tí Moore balẹ̀ sí kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ń bà sí nísinsìnyí.

Don Sheldon, ará Talkeetna, ni ó jogún iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1960, obìnrin kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ agùnkè ṣàìsàn lórí Denali nítorí afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́lẹ́ níbi gíga. Sheldon gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ balẹ̀ sí nǹkan bí mítà 4,300, níbi tí ó ga ju ibi tí a ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún lọ, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ní ọdún 1966, ó kọ́ ilé onígi kékeré kan sórí àpáta tí ó yọrí jáde láàárín odò yìnyín Ruth. Ilé yìí ni a lè pè ní ìyá gbogbo ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń lọ ṣe níbẹ̀ báyìí. Kò ní iná mànàmáná, kò sí ẹ̀rọ omi. Ààrò kan, ibùsùn igi, fèrèsé tí ó kọjú sí òkè, ó parí. Sheldon kú ní ọdún 1975. Ibi ìsìnkú Talkeetna ni a sin ín sí, níbi tí a kọ orúkọ àwọn tí òkè náà pa sí.

Ẹni tí ó bá dé Talkeetna ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé lóde òní, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni láti dúró. Kò sí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí ó lè lé kùrukùru kúrò lórí òkè. Denali ga débi pé ó ń dá ojú ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Oòrùn lè máa ràn ní ìlú kí ìjì máa jà lókè. Awakọ̀ yóò gbọ́ ohùn àwọn tí ó wà lórí yìnyín lórí rédíò kí ó tó tan ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbéra, igbó àti odò ni wọ́n ń kọjá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ a di òkúta, òkúta a di yìnyín, ọ̀nà a sì fún.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Ẹni tí ó pa òwe yìí kò wọ ọ̀gbàrá Ruth rí. Odò yìnyín ni ó wà nísàlẹ̀, kò fẹ̀ ju nǹkan bí kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Ògiri àpáta wà ní ọ̀tún àti òsì, tí ó ga ju mítà 1,500 lọ. Àwọn awakọ̀ ní láti máa ké síra wọn lórí rédíò, kí oníkálukú sọ ibi tí òun wà àti ibi tí òun ń lọ. Yìnyín abẹ́ wọn fúnra rẹ̀ jìn ju kìlómítà kan lọ kí a tó kan ilẹ̀.

Bíbalẹ̀ ni ó gba ọgbọ́n jù. Lórí pápá tí a mọ̀, awakọ̀ tí kò bá rí ibi bà sí dáadáa lè tún gbéra kí ó yí po, kí ó tún un ṣe. Lórí odò yìnyín, ó ń kọjú sí òkè balẹ̀, kí gẹ̀rẹ́ náà lè dá ọkọ̀ dúró. Ògiri òkè ni ó wà níwájú rẹ̀. Ibì kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti kọjá rẹ̀, kò sí àyè láti yí padà mọ́. Kí ó tó dé ibẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti pinnu. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ lókè, nítorí náà agbára ẹ̀rọ dín kù, apá ọkọ̀ kò sì rí afẹ́fẹ́ tó láti gùn lé. Èyí tí ó burú jù ni ọjọ́ tí àwọsánmà bo oòrùn. Funfun wà lókè, funfun wà nísàlẹ̀, kò sí òjìji kankan. Ojú kò lè sọ bóyá mítà méjì ni ó kù kí síkì kan ilẹ̀ ni tàbí ogún. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa ń ju ẹ̀ka igi tàbí àpò dúdú sílẹ̀ kí ojú lè rí nǹkan dì mú.

Bí ọkọ̀ bá sì ti balẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró bí ó ṣe wù ú. Awakọ̀ yóò fi agbára ẹ̀rọ yí i kí ó dábùú gẹ̀rẹ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò yọ̀ padà sẹ́yìn. Síkì tí ó gbóná nítorí ìfaragbún a yọ́ yìnyín abẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dúró pẹ́, omi náà a dì, a sì so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn èrò ni yóò di apá ọkọ̀ mú, tí wọn yóò mì ín títí tí síkì yóò fi já. Bí yìnyín tuntun bá já lóru, àwọn tí ó wà ní ibùdó ni yóò to ara wọn ní ìlà, tí wọn yóò fi bàtà fífẹ̀ tẹ pápá náà mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọkọ̀ má bàa rì bíi ti Reeve. Ẹni tí ó bá fẹ́ relé ni ó ń tẹ ọ̀nà ilé.

Ohun kan tí a kò rí nínú àwòrán ẹlẹ́wà: àwọn agùnkè gbọ́dọ̀ kó ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sínú agolo onídèérí, ọkọ̀ òfurufú kan náà ni yóò sì gbé e padà sí ìlú. Yìnyín kì í jẹ nǹkan rà. Ohun tí ẹnìkan bá dà sínú rẹ̀ lónìí, odò náà yóò rù ú, yóò sì dá a padà nísàlẹ̀ fún ọmọ ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kà wá lè béèrè pé ṣé ewu ti tán báyìí, nígbà tí ẹ̀rọ ti dára sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọkọ̀ kan tí ó gbé arìnrìn-àjò afẹ́ mẹ́rin, ará Poland, láti Talkeetna forí sọ òkè kan nítòsí Denali nígbà tí àwọsánmà bo ibẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà àti awakọ̀ wọn kú. Ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín orí rẹ̀ sì ti fẹ́ já débi pé àwọn adóòlà kò lè kó òkú wọn. Òkè náà ni ó sin wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n lọ gun òkè. Ìran ni wọ́n lọ wò, fún wákàtí kan péré. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ kan bá wo ojú ọ̀run tí ó sì dá owó padà fún èrò rẹ̀, a kò ní bá ẹni tí ń bínú sí i kẹ́dùn.

Ọ̀nà yìí ní ìgbà tí ó ń ti. Láti oṣù kẹrin ni pápá Kahiltna ti ń gba ọkọ̀. Nígbà tí oṣù keje bá fẹ́ dé ìdajì, yìnyín tí ó bo ẹnu àwọn ọ̀gbun a ti yọ́, pápá a là, àwọn ọkọ̀ a dẹ́kun lílọ. Kí ìgbà náà tó dé pàápàá, òru ni àwọn agùnkè ń rìn lórí odò yìnyín. Ọ̀run kì í ṣú tán ní àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òtútù òru sì ń mú kí afárá yìnyín tí ó wà lórí ọ̀gbun le díẹ̀ sí i. Àwọn odò yìnyín Alaska wà lára àwọn tí ń yọ́ kíákíá jù ní ayé nísinsìnyí. Omi wọn kò dúró sí ọ̀dọ̀ wọn. Ó ń wọ inú òkun, òkun sì jẹ́ ọ̀kan. Àwa tí a mọ bí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ní Grand-Popo àti ní Aného mọ̀ pé iṣẹ́ èbúté àti ìdídò odò ní ọwọ́ ńlá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ń ga sí i kò jẹ́ kí ó sàn.

Ní Kahiltna, ṣáá, nígbà tí ọkọ̀ bá ti já àwọn èrò sílẹ̀, tí ó ti fi orí sọ ìsàlẹ̀ tí ó sì ti gbéra padà lọ, àgọ́ kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ a mú ṣọ́bìrì. Nígbà tí ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣì ń dún láàárín àwọn òkè, wọ́n a ti máa gbẹ́ ihò jíjìn sínú yìnyín. Wọ́n a kó oúnjẹ àti epo ìdáná tí wọn kò ní gbé gòkè sínú rẹ̀, wọ́n a bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n a fi ọ̀pá gígùn kì í kí yìnyín tí yóò já má bàa gbé e mì, wọ́n a sì kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n retí àti padà sí ara ọ̀pá náà.